Orúkọ tí ó yẹ ṣíìpù tí ń wá àbùkù

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ; iṣẹ́ ni ó yẹ kí a wò kí a tó sọ ohun èlò lórúkọ.

Ìwádìí tí a ṣe ní 2015 àti 2016 ní àwọn èbúté Èkó, Tin Can Island pẹ̀lú, fi hàn pé, ó kéré tán, 19 nínú 100 ẹ̀rọ oníná àlòkù tí ń wọlé ni kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ‘kò ṣiṣẹ́’ kò sọ ibi tí àrùn wà.

Fún kọ̀ǹpútà àtijọ́ bí IBM PC ti 1981, ṣíìpù kan wà tí a ń fi rọ́pò èyí tí ó gbé àṣẹ ìbẹ̀rẹ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù. Bí iná bá ti dé, òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ kọ́kọ́ ń kà; kò nílò díìsìkì rárá. A máa yẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò, a sì máa tọ́ka sí èyí tí ó bàjẹ́.

Àwọn kan lè pè é ní ‘ṣíìpù àyẹ̀wò’. N kò fara mọ́ ọn: àyẹ̀wò lè parí sí ‘ó kú’ tàbí ‘ó yè’. ‘Ṣíìpù afàbùkùhàn’ ni mo dábàá, bí a ti ṣẹ̀dá ‘amóhùnmáwòrán’. Yóò kọ́ ọmọṣẹ́ ní Ajégúnlẹ̀ láti pààrọ̀ ẹ̀yà kan ṣoṣo, dípò kí ó ju odindi bọ́ọ̀dù olójé sí ààtàn.

Ẹni tí ó bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá.