Ẹ Jẹ́ Ká Kọ Ìtàn Pápá Ìṣeré Wa Sílẹ̀

Pákó ni katako lédè Haúsá, òun ni wọ́n fi sọ ọjà Katako ní ìlú Niamey lórúkọ. Orúkọ nìkan ti jẹ́ ká mọ nǹkan kan nípa ọjà náà. Àwọn pápá ìṣeré wa ńkọ́?

Ní Niger, ọdún 1975 ni ìdíje ìjàkadì gbogbo orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀, ní ìlú Tahoua. Láti ìlú kan dé òmíràn ni wọ́n ń gbé e kiri. Idà ni ẹni tó bá borí ń gbà. Ẹ bi ọmọdé ibẹ̀, yóò dárúkọ akọni agbègbè rẹ̀ fún yín.

Nílé ńkọ́? Pápá Liberty n'Ìbàdàn, tó ti di pápá Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, ni Dick Tiger ti lu Gene Fullmer lọ́dún 1963, tí ìgbànú ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé fi dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ló mọ̀?

Ẹ̀yin òbí, ẹ fún ọmọ yín ní ìwé kékeré kan. Kó kọ orúkọ pápá àdúgbò, ẹni tó yọ̀ǹda ilẹ̀ náà, ọdún tí wọ́n ṣí i àti àwọn tó ti gba ife ẹ̀yẹ níbẹ̀. Kó bi àwọn àgbà léèrè nísinsìnyí. Ọjọ́ tí wọ́n bá lọ, ìtàn náà bá wọn lọ nìyẹn.