Ẹ̀yìn Ẹṣin Ni Adájọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Awọ Àgùntàn Tí Wọ́n Ń Tẹ́ Sábẹ́ Gàárì

Lọ́jọ́ ọdún Iléyá, ẹni tó bá gba Òkèrèwè kọjá ní Ilé-Ifẹ̀ yóò rí ohun tí kì í ṣe tuntun ní ìlú Yorùbá: wọ́n ti dúńbú àgbò, wọ́n sì ń fi iná jó irun rẹ̀ dànù kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ ha á mọ́. Irun di eérú, awọ di ẹran ọbẹ̀. Nígbà tó bá di ọjọ́ kẹta ọdún, ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ìdílé Balógun yóò gun ẹṣin wá sí Ojúde Ọba, tìlù tìbọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Òkúdù ọdún 2024, àwòrán àwọn tó gun ẹṣin níbẹ̀, pàápàá ti Farooq Oreagba, tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì títí dé òkè òkun. Gbogbo ayé rí ẹwù, wọ́n rí fìlà, wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀. Ohun tí ojú wọn kò tó ni ohun tó wà láàrin gàárì àti ẹ̀yìn ẹṣin.

Ohun tí ojú kò tó yẹn gan-an ló yẹ kí a máa béèrè. Àwọn tó ní ẹṣin a máa wá ìtẹ́lẹ̀ gàárì tí wọ́n fi awọ àgùntàn onírun ṣe, nítorí wọ́n gbọ́ pé òun ló tu ẹ̀yìn ẹṣin lára jù lọ. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ni ọ̀pọ̀ fi ń rà á: bí ó bá funfun, bí irun rẹ̀ bá gùn, bí ó bá yọ etí síta lábẹ́ gàárì kí èrò lè rí i, wọ́n á ní ó dára. Ìdájọ́ òǹwòran nìyẹn. Ẹ̀yìn ẹṣin ló yẹ kó ṣe ìdájọ́, ọwọ́ ẹni tó ń rà á ló sì yẹ kó ṣe agbẹjọ́rò fún un.

Awọ ara ẹṣin kì í ṣe pákó. Bí eṣinṣin kan ṣoṣo bá bà lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ yóò máa gbọ̀n títí eṣinṣin náà yóò fi fò lọ. Ẹran tó mọ ìwọ̀n eṣinṣin, báwo ni kò ṣe ní mọ ìwọ̀n ènìyàn tó wọ agbádá, tó jókòó sórí gàárì líle nínú oòrùn? Àwọn ẹṣin kan tún wà tí ara tiwọn kò gba ìnira rárá: awọ wọn fẹ́lẹ́, egungun èjìká wọn yọ síta, tàbí kí egbò ti ṣe wọ́n rí lẹ́yìn. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ a máa ká etí sẹ́yìn bí ó bá ti rí gàárì, a máa fẹ́ bu ẹni tó ń di ọ̀já mọ́ ọn níkùn jẹ, a sì máa rẹ ẹ̀yìn sílẹ̀ bí ènìyàn bá gùn ún. Àwọn tí kò mọ̀ á ní ó ya olórí kunkun, wọ́n á sì fa pàṣán yọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú agbo tí ìbọn ti ń dún tí ọmọdé sì pọ̀ sí, ẹṣin tí ẹ̀yìn ń dùn lè fò sókè lójijì, kó gbé ẹni tó gùn ún ṣánlẹ̀, kó sì tẹ ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtẹ́lẹ̀ gàárì ti kọjá ọ̀rọ̀ ọ̀ṣọ́.

Àwọn baba ńlá Yorùbá mọ iyì ẹṣin. Ẹṣin ni Ọ̀yọ́ Ilé fi jagun, apá òkè Odò Ọya ni wọ́n sì ti ń rà á wá ní owó gọbọi, nítorí eṣinṣin tó ń gbé àrùn oorun kiri kì í jẹ́ kí ẹṣin gbádùn ní ilẹ̀ igbó. Títí di òní, ìhà àríwá ni ọ̀pọ̀ ẹṣin tí a ń rí ní ìlú Yorùbá ti ń wá. Ẹran tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tó náni lówó tó bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó jẹ́ pé ohun tí wọ́n tẹ́ lé e lẹ́yìn ni yóò sọ ọ́ di aláàbọ̀ ara.

Kí ló wà lára awọ àgùntàn tí wọ́n fi ń yìn ín? Irun àgùntàn tó nípọn bí òwú a máa ká kọ́rọkọ̀rọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ dà bí irin kíká tí a tẹ̀ tó tún dìde. Bí gàárì bá tẹ̀ ẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irun ló pín ẹrù náà rù. Bí gàárì bá yí díẹ̀, irun ló ń fi ara pa ara, awọ ẹṣin a sì bọ́ nínú ìyà. Ó tún lè fa ọ̀rinrin tó tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ mu kí ọwọ́ tó mọ̀ pé ó tutù, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìdí nìyí tí kì í fi ṣe ẹṣin nìkan ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà àti ní Netherlands fi hàn pé awọ àgùntàn tí wọ́n ṣe fún ìlò ìṣègùn a máa dín egbò kù lára aláìsàn tí kò lè dìde lórí ibùsùn. Ẹ̀yìn aláìsàn àti ẹ̀yìn ẹṣin, ọ̀tá kan náà ni wọ́n ní: ìtẹ̀mọ́lẹ̀, ìfarapa àti òógùn.

Ibi tí àṣìṣe àkọ́kọ́ ti máa ń wọlé nìyí. Ẹni tó rí awọ àgbò tó ń ṣòfò nídìí iná lọ́jọ́ Iléyá lè rò pé ìtẹ́lẹ̀ gàárì ni wọ́n ń sun níná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Úda, Balámì, Yankasa àti àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ igbó, kò sí èyí tó ní irun òwú nínú wọn. Irun wọn kúrú, ó sì gún bí irun ewúrẹ́. Awọ àgbò tí àwọn àlùfáà máa ń jókòó lé lórí dára fún ìjókòó, ṣùgbọ́n kò ní tìmùtìmù tí ẹ̀yìn ẹṣin ń fẹ́. Àgùntàn bíi mẹ̀rínò, tó pọ̀ ní Ọsirélíà, ló ní irú irun tí à ń sọ. Nítorí náà, ìtẹ́lẹ̀ gàárì onírun tó bá dé ọjà wa, yálà òkè òkun ni awọ rẹ̀ ti wá, tàbí kó jẹ́ ọ̀rá tí wọ́n hun kó lè jọ irun àgùntàn. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yóò fi owó awọ ra ọ̀rá.

Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n kò le. Kí ẹni tó ń rà á fa irun mẹ́ta-mẹ́rin yọ, kó ṣá iná sí i. Irun gidi a máa rùn gẹ́lẹ́ bí irun àgbò Iléyá tó wà nínú iná, òórùn tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ̀ ọ́n. Eérú rẹ̀ a sì fọ́ lẹ́búlẹ́bú láàrin ìka. Ọ̀rá a máa yọ́ ni, a sì di kókó líle. Lẹ́yìn èyí, kó fi ìka méjèèjì la irun náà sọ́tọ̀ kó wo ìdí rẹ̀. Bí ó bá rí ojú aṣọ níbẹ̀, irun tí wọ́n hun mọ́ aṣọ ni. Ó lè jẹ́ irun gidi o, ṣùgbọ́n kì í ṣe awọ. Bí ó bá jẹ́ awọ, tí irun sì há mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò rọrùn láti rí ìdí rẹ̀, ó ti ń súnmọ́ ohun tó dára.

Gígùn irun kì í ṣe ẹ̀rí. Irun gígùn tí kò há mọ́ra a máa sùn sílẹ̀ lábẹ́ ẹrù, a sì ta kókó lẹ́yìn òógùn méjì-mẹ́ta. Èyí tí wọ́n gé dọ́gba, tó ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, tó sì há pinpin, ló ń pẹ́. Kí òǹrajà fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa kó sì gbé ọwọ́ kúrò: èyí tó dára yóò dìde padà. Kó tẹ ẹ̀yìn awọ náà: bí ó bá ń dún pápápá bí ewé gbígbẹ, tàbí tó ń rùn bí ẹran tó ti bàjẹ́, wọn kò ṣe awọ náà jinná, òógùn ẹṣin yóò sì sọ ọ́ di pákó láìpẹ́. Funfun báláú pẹ̀lú kì í ṣe àmì dídára. Oògùn tí wọ́n fi ń ṣe awọ ìlò ìṣègùn, èyí tó ń gba fífọ̀ tó sì ń kojú òógùn, a máa jẹ́ kó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀.

Awọ tó dára tún lè di ìyà bí wọ́n bá rán an lódì. Kò yẹ kí ojú rírán tàbí kókó òwú kankan bọ́ sórí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹṣin. Àyè gbọ́dọ̀ wà láàrin, kí a sì lè fa ìtẹ́lẹ̀ náà sókè wọ inú ihò gàárì kó má baà lẹ̀ mọ́ egungun èjìká. Bẹ́ẹ̀ ni ìtẹ́lẹ̀ kò lè ṣe àtúnṣe gàárì tí kò bá ẹ̀yìn ẹṣin mu. Bí gàárì bá ti fún tẹ́lẹ̀, tí wọ́n tún wá ki awọ nínípọn sábẹ́ rẹ̀, ṣe ni ó tún fún sí i, bí ẹni tó wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì nínú bàtà tó há.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, kí wọ́n jẹ́ kí adájọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n bá sọ gàárì kalẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ẹṣin kí wọ́n tó nù ún. Bí òógùn bá rin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba, ó dára. Bí ojú kan bá gbẹ láàrin òógùn, kí wọ́n fura: gàárì lè ti tẹ ibẹ̀ jù, tàbí kó má fara kàn án rárá. Kí wọ́n fi ọwọ́ wo ibi tó gbóná, tó wú, tàbí tí ẹṣin ti ń yẹra. Irun funfun tó hù lójú kan lẹ́yìn ẹṣin dúdú kì í ṣe àwọ̀ àbímọ́ ní gbogbo ìgbà. Ó lè jẹ́ àpá ibi tí gàárì ti jẹ.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ olówó nìyí, pé awọ òkè òkun kì í ṣe ohun tí gbogbo ìdílé lè rà. Òótọ́ ni, kò sì di dandan kí wọ́n rà á. Aṣọ òwú tó nípọn, tó mọ́, tí kò ní kókó, tí wọ́n ká dọ́gba sábẹ́ gàárì tó bá ẹ̀yìn mu, sàn ju ayédèrú awọ tó ń gbóná bí ọ̀rá lọ. Ìtìjú kò sí nínú aṣọ òwú. Ohun tó tini lójú ni kí ẹ̀yìn ẹṣin máa ṣẹ̀jẹ̀ lábẹ́ irun funfun tí èrò ń yìn. Kódà awọ gidi kò wúlò mọ́ bí wọn kò bá gbọn ìdọ̀tí inú rẹ̀ nù, tí wọn kò fi omi tútù àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, tàbí tí wọ́n bá sá a sí gbangba oòrùn tó ń gan awọ.

Ní ọdún 2022, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ awọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Sáríyà dábàá òfin tí yóò dènà jíjẹ pọ̀nmọ́, kí awọ lè tó fún àwọn ilé-iṣẹ́. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀. Níbi ọ̀rọ̀ ẹṣin, kò sí òfin pọ̀nmọ́ tó lè sọ irun Yankasa di irun mẹ̀rínò. Ohun tí awọ ilẹ̀ wa lè fún ẹṣin ni ọ̀já rírọ̀, ìjánu àti gàárì tí wọ́n ṣe ní ìwọ̀n ẹ̀yìn ẹṣin tiwa, iṣẹ́ tí àwọn aláwọ ìhà àríwá ti mọ̀ láti ayébáyé. Ibẹ̀ ló yẹ kí owó àti ẹ̀kọ́ lọ.

Ní ti Ojúde Ọba, ẹ̀bẹ̀ tó kúrú ló wà níbẹ̀. Kí ìdílé kọ̀ọ̀kan tó ń náwó lórí aso ẹbí ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ohun tí ẹṣin yóò wọ̀, kí ẹṣin sì ti mọ gàárì àti ìtẹ́lẹ̀ náà lára kí ọjọ́ ọdún tó kò. Kí àwọn olùṣètò jẹ́ kí dókítà ẹran wo ẹ̀yìn ẹṣin kọ̀ọ̀kan kó tó wọ agbo àti lẹ́yìn tó bá jáde. Ẹṣin tí wọ́n bá egbò lẹ́yìn rẹ̀, kó sinmi ní ọdún náà, ìbáà jẹ́ Balógun ló ni ín. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré: bí Ìjẹ̀bú-Òde, tí ayé ń wò, bá bẹ̀rẹ̀ èyí, kò ní pẹ́ tí àwọn ìlú mìíràn tó ń fi ẹṣin ṣe ayẹyẹ yóò tẹ̀ lé e.