Ẹni Tí Ó Sá Di Ni, A Kì Í Fà Á Lé Ọ̀tá Lọ́wọ́

Ní ọdún 1845, nígbà tí Ogun Olómirò gbóná janjan ní Èkó, Ọba Akítóyè rí i pé ààfin kò ṣeé gbé mọ́. Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti gba ìlú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú omi ni ọba gbà sá lọ. Òṣòdì Tápà, tí í ṣe ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́, tí a sì fi ṣọ́ ọ̀nà omi Agbóyì, ni ó jẹ́ kí ó rí ọ̀nà kọjá, tí ó fi gúnlẹ̀ sí Abẹ́òkúta. Kòsọ́kọ́ kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí àwọn olóyè Ẹ̀gbá pé kí wọ́n fa Akítóyè lé òun lọ́wọ́ kí òun lè pa á. Àwọn Ẹ̀gbá kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ tì í, wọ́n sìn ín dé Àgbádárìgì, níbi tí ọwọ́ ọ̀tá rẹ̀ kò ti lè tètè tó o.

Kì í ṣe pé ènìyàn mímọ́ ni àwọn Ẹ̀gbá ìgbà náà. Wọ́n ń wá ọ̀nà òwò tí ó dé etí òkun, ọ̀rẹ́ ọba Èkó kò sì lè ṣe wọ́n níbi. Ní àkókò kan náà, kò sí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kì í ta ẹrú ogun. Síbẹ̀, àwọn tí ó kọ̀ yìí mọ ohun tí à ń pè ní ìsáǹsá: nǹkan bí ọdún 15 ṣáájú ni àwọn fúnra wọn sá wá sábẹ́ Olúmọ. Ayé sì yí kánkán. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ìbọn àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni ó sá sí. Ẹ̀pẹ́ ni ó fìdí kalẹ̀ sí lábẹ́ Awùjalẹ̀, títí ó fi padà sí Èkó ní 1862. Ẹni tí ó ń béèrè orí ìsáǹsá ní 1845 ni ó di ìsáǹsá ní 1851.

Ohun tí àṣà yìí dúró lé kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu wọ ìlú. Onílé tí ó gbà á mú un lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ tàbí ọba. Láti ọjọ́ náà, ọ̀ràn rẹ̀ di ti ìlú. Bí ẹni tí ń lé e bá dé, kò ní í kọjá lọ sí ilé onílé lọ fi okùn mú un. Yóò dúró, yóò rojọ́, ìsáǹsá náà yóò sì fèsì, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ó bá hàn pé apànìyàn ni, ìlú mọ ohun tí yóò fi í ṣe. Ṣùgbọ́n bí ó bá hàn pé oró ni wọn yóò dá a níbi tí ó ti wá, ìlú tí ó bá tì í jáde ti pín nínú ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó dá a lóró.

Ó ṣe ni láàánú pé Àbújá kò rántí èyí ní ọdún 2018. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà, àwọn agbófinró wọ hòtẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n sì mú Sisiku Julius Ayuk Tabe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn aṣáájú tí ń fẹ́ kí apá ibi tí a ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù dá dúró. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, Nàìjíríà fa ènìyàn 47 lé ìjọba Kamẹrúùnù lọ́wọ́. Ẹ̀ka Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tí ó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ogunléndé kígbe síta pé púpọ̀ nínú wọn ti kọ̀wé béèrè ààbò. Wọn kò gbé wọn dé iwájú adájọ́ kankan kí wọ́n tó kó wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè wí pé òun kò mọ ohun tí ń bẹ níwájú wọn, nítorí ní oṣù Keje ọdún 2017, àjọ Amnesty International ti tẹ ìwé jáde lórí ọ̀ràn ènìyàn 101 tí àwọn agbófinró Kamẹrúùnù tì mọ́lé ní ìkọ̀kọ̀, tí wọ́n sì dá lóró, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń ran Boko Haram lọ́wọ́.

Òfin tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí kò fara mọ́ ìwà yìí. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà lórí ogunléndé, ti ọdún 1969, kọ̀ ọ́. Abala Kẹta àdéhùn àgbáyé lórí ìdálóró, ti ọdún 1984, tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní 2001, sọ ọ́ láìfi bò pé a kò gbọ́dọ̀ fa ẹnikẹ́ni lé orílẹ̀-èdè tí ìdí pàtàkì wà láti gbà pé wọn yóò dá a lóró. Kò yọ ọlọ̀tẹ̀ sílẹ̀, kò yọ ọ̀daràn sílẹ̀.

Àwọn kan ń wí pé aládùúgbò ni Kamẹrúùnù, pé àwọn méjèèjì jọ ń bá Boko Haram jà, àti pé orílẹ̀-èdè tí ó ti ja ogun Biafra kò yẹ kí ó gba ẹni tí ń fẹ́ ya ìlú rẹ̀ láyè. Ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Kò dára kí a máa ti ilé ẹni gbé ogun ti ará ilé kejì. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ní kóòtù, ó sì ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Bí wọ́n bá ṣẹ̀, kí a dá ẹjọ́ wọn níhìn-ín. Ní ti ìlérí pé ẹnikẹ́ni kò ní í fọwọ́ kan wọ́n, fífi adìẹ sábẹ́ ìtọ́jú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà pàápàá ti jẹ nínú oúnjẹ yìí. Ní 1963, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fa Olóyè Anthony Enahoro, tí ó sá dé ọ̀dọ̀ wọn, lé Nàìjíríà lọ́wọ́, lẹ́yìn àríyànjiyàn gbígbóná ní ilé aṣòfin wọn. Ẹ̀wọ̀n ọdún 15 ni adájọ́ kọ́kọ́ dá fún un. Ní ayé Abacha, Enahoro kan náà tún sá jáde, Amẹ́ríkà sì gbà á. Wole Soyinka gba ẹnubodè Benin lọ ní 1994. Ní 1997, ìjọba Abacha fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba kàn án. Bí ẹnìkan bá ti fà wọ́n padà nígbà náà, ta ni yóò sọ ohun tí ojú wọn ì bá rí?

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá dájọ́ pé mímú tí a mú àwọn ará Kamẹrúùnù náà àti fífà tí a fà wọ́n lọ lòdì sí òfin, ó sì ní kí a dá wọn padà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún kan náà, kóòtù àwọn ológun ní Yaoundé rán Ayuk Tabe àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́sàn-án lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ojúṣe ìjọba Àbújá ni kí ó béèrè àwọn tí ó bá ṣì wà ní àhámọ́ padà, gẹ́gẹ́ bí kóòtù rẹ̀ ti wí, kí ó sì pàṣẹ fún àwọn agbófinró rẹ̀ pé ìsáǹsá kan kò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnubodè Nàìjíríà mọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń lé e, àfi bí adájọ́ bá ti gbọ́ tẹnu rẹ̀.