Tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n lóòótọ́, àmọ́ eré ọ̀fẹ́ olóṣèlú ló wọ́n jù

Bí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, ariwo kan náà là ń gbọ́ lórí fóònù: tíkẹ́ẹ̀tì eré ti wọ́n jù. Irọ́ kọ́. Nínú Detty December l'Ékòó, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà ni wọ́n ń ta tábìlì kan. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ìdúró lásán lè wà lórí ìnàró títí di ìdájí kí olórin tó yọjú.

Ó dáa, ẹ kúrò l'Ékòó, ẹ bá mi gun òkè Màpó nígbà ìpolongo ìbò. Sípíkà ńláńlá ti dúró, olórin fújì ń kọrin, mọ́tò ò lè kọjá ní Bẹẹrẹ, èrò kún dé Ọjà'ba. Kò sẹ́ni tó ń bi yín ní tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tún lè fún yín ní fìlà àti ìrẹsì inú ike. Ta ló ń sanwó ẹ̀?

Nígbà ìbò ọdún 2023, òfin ìdìbò ọdún 2022 gbà kí olùdíje gómìnà kan ná tó bílíọ̀nù kan náírà. Ẹni tó bá ná irú owó yẹn, ṣé torí ijó wa ló ṣe ná an? Tíkẹ́ẹ̀tì December, iye ẹ̀ wà lára ẹ̀: tó bá wù ẹ́, rà á, tí kò bá wù ẹ́, jókòó sílé. Ti olóṣèlú, ọdún mẹ́rin la fi ń san án.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2023, Ṣèyí Mákindé wọlé lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìbò 563,756. Teslim Fọlárìn tó tẹ̀ lé e ní 256,685. Ẹ rántí pé àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò l'Ọ́yọ̀ọ́ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Bí èsì ṣe jáde, àwọn kan ń jó, àwọn kan ń ṣépè lórí Facebook. Mélòó nínú wọn ló tò sórí ìlà?

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní, "Ṣé wọ́n tiẹ̀ ń ka ìbò wa ni?" Ẹ ò jẹ̀bi. INEC ṣèlérí pé èsì ìbò ààrẹ ọdún yẹn máa hàn lórí IReV lójú ẹsẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ òfin ní kí wọ́n kéde èsì ní ibùdó ìdìbò, níṣojú yín. A lè dúró wo olórin di ìdájí. Ṣé a ò lè dúró kí wọ́n ka ìbò tán?

Àwa ará Ìbàdàn ní eré ọ̀fẹ́ tiwa. Lọ́jọ́ ọdún Òkè'Bàdàn, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí VIP, wọ́n á sì fi orin bú ẹni tó bá wù wọ́n, ìjòyè ò gbẹ́yìn. Ní Màpó lọ́jọ́ ìpolongo ńkọ́? Ẹ dán an wò, kí ẹ kọrin bú ẹni tó gbé sípíkà wá. Ìgbà yẹn lẹ máa mọ iye tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀.

Ìbò 2027 ń bọ̀. Tí wọ́n bá lù ú, ẹ jó. Àmọ́ ẹ má fi káàdì ìdìbò yín sílẹ̀ sílé lọ́jọ́ tó yẹ.