Ewé Ẹ̀gẹ́ Ò Sí Nínú Photoshop

Ẹ wo àwọn fláyà tí a ń gbé jáde ní ẹ̀ka wa láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé ọ̀sẹ̀ àwọn tó fẹ́ jáde. Ohun kan náà lẹ máa rí: èéfín tó ń rú lẹ́yìn orúkọ, ọ̀dà tó tàn ká bí ẹni pé wọ́n dà á nù, ìràwọ̀ wẹ́wẹ́, àti ewé kan tí kò sí lóko ẹnikẹ́ni ní Èjìgbò. Ewé maple ni. Òun ló wà lórí àsíá Kánádà láti ọdún 1965. Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ wa kò sì pa mọ́: ó wà lára búrọ́ọ̀ṣì tó máa ń bá Photoshop àtijọ́ wá. Ẹni tó bá ń wá ewé níbẹ̀, òun ló máa bá pàdé.

Èmi ò bá ewé olóyìnbó jà. Ṣùgbọ́n Èjìgbò yìí ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ sí. Bí àwa tí ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ọ̀pẹ yí ká bá wá ń fi ewé tí a ò rí rí ṣe ọ̀ṣọ́, a jẹ́ pé àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà náà ló ń bá wa yan ohun tí a máa yà. Èrò tèmi ni pé kí gbogbo ẹni tó ń ṣe àwòrán láàárín wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, kí a sì máa pín in fún ara wa.

Kì í ṣe iṣẹ́ awo. Búrọ́ọ̀ṣì inú kọ̀ǹpútà kò ju òǹtẹ̀ lọ. Àwòrán dúdú àti funfun ni: ibi tó bá dúdú ni ọ̀dà máa jáde, ibi tó funfun kò ní í jáde, ibi tó bá rí bí eérú á jáde díẹ̀. Tí o bá ń fà á, ṣe ni kọ̀ǹpútà ń tẹ òǹtẹ̀ yẹn léraléra. Sọ fún un pé kó máa yí, kó máa tóbi kó máa kéré, kó sì máa fọ́n ká, ewé kan ṣoṣo á di odidi oko.

Nítorí náà, já ewé ẹ̀gẹ́ kan. Tẹ́ ẹ sórí bébà funfun níbi ìbòòji, kí òjìji má baà bá a wọlé, kí o sì yà á. Nínú Photoshop, sọ ọ́ di dúdú àti funfun, fi Levels fọ bébà náà títí tí yóò fi funfun báláú, lọ sí Edit, kí o tẹ Define Brush Preset. Ó parí. Jẹ́ kó tóbi tó 2,000 pixel, torí pé búrọ́ọ̀ṣì ńlá ṣeé dín kù, ṣùgbọ́n kékeré tí a bá fẹ̀ á ṣú bàìbàì. Bí o bá rún orí pákò, tí o tẹ̀ ẹ́ bọ tàdáwà, tí o fà á lórí bébà, o ti ní òmíràn nìyẹn. Àwọn àgbà ní ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Èèpo igi gan-an wà lára ohun tó ń di búrọ́ọ̀ṣì tó dára jù.

Ìmọ̀ yìí kò sì ṣàjèjì nílẹ̀ wa. Àwọn ìyá tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń ki ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, wọ́n á fi ya aṣọ, wọ́n á sì rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní í mú níbẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, wọ́n tún máa ń gé páànù ní àpẹẹrẹ, wọ́n á sì ti ẹ̀kọ gba ojú rẹ̀ kọjá. Òǹtẹ̀ náà nìyẹn, kó tó di pé kọ̀ǹpútà dé.

Àwọn ará ibòmíràn ti mọ iyì tiwọn. Ní ọdún 2017, Adobe àti ilé àkójọ iṣẹ́ Edvard Munch ní Oslo, ní Norway, mú búrọ́ọ̀ṣì 7 tí olóògbé náà fi kun àwòrán, Kyle Webster sì sọ wọ́n di búrọ́ọ̀ṣì inú Photoshop. Ta ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyẹ́ adìyẹ àwọn ìyá wa bí kò ṣe àwa?

Ẹnìkan á ní Photoshop wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni GIMP àti Krita, a sì lè ṣe búrọ́ọ̀ṣì nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fi ibisPaint ṣe é lórí fóònù. Òmíràn á ní búrọ́ọ̀ṣì ọ̀fẹ́ kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kún lóòótọ́, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn ló ní òfin pé a kò gbọ́dọ̀ fi ṣe iṣẹ́ tí a gbowó lé. Ewé tí o já fúnra rẹ kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ibì kan wà tó yẹ ká ti ṣọ́ra. Ewé ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ti ẹnì kan, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tuntun tí aládìrẹ kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé kalẹ̀, tirẹ̀ ni. Inú ń bí wa sí àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tẹ ayédèrú àdìrẹ nílẹ̀ òkèèrè. Tí a bá ya fọ́tò aṣọ ìyá kan lọ́jà, tí a sọ ọ́ di búrọ́ọ̀ṣì láìbéèrè, kí la fi yàtọ̀ sí wọn? Ẹ jẹ́ ká béèrè, ká sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i bó bá gbà.

Àbá mi rèé. Kí ìpele kọ̀ọ̀kan mú búrọ́ọ̀ṣì 5 wá kí sáà yìí tó parí, kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú fódà kan tí gbogbo wa lè dé. Kí a fi Yorùbá sọ wọ́n lórúkọ, kí a sì kọ ẹni tó ṣe é àti ohun tó fi ṣe é sí i. Ẹ̀yin àgbà wa tó ti jáde, títí kan ẹ̀yin tó wà ní Àbíjàn, ẹ fi tiyín náà ránṣẹ́. Ní Òṣogbo nítòsí wa, Nike Davies-Okundaye dá ibùdó iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní ọdún 1983, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Fódà kan kò pọ̀ jù fún wa láti fi bẹ̀rẹ̀. Èmi á fi ewé ẹ̀gẹ́ ṣíde.