Ta Ni Yóò Ka Ilẹ̀ Wa Fún Wa?

Gbogbo wa ni a mọ ààlà ilẹ̀ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa. Bí ẹnikẹ́ni bá sún un ní ẹsẹ̀ méjì péré, ẹjọ́ yóò dé iwájú ọba. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè ohun tí ń bẹ nísàlẹ̀ ilẹ̀ kan náà, a kò rí èsì fọ̀. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ sọ ìtàn obìnrin kan, kí ẹ̀yin ọba, ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé Òde-Ayé àti gbogbo Ìkálẹ̀ lè gbé e yẹ̀wò.

Obìnrin náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Deborah Ajakaiye. Ìlú Jos ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 1940. Àwọn òbí rẹ̀ kò fi ọmọkùnrin ṣáájú ọmọbìnrin: bákan náà ni wọ́n ń rán wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, bákan náà ni wọ́n sì ń pín iṣẹ́ ilé fún wọn. Ní 1962, ó gba oyè nínú ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó tún kàwé sí i ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1970, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ físíìsì ilẹ̀ ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria. Ìṣirò ni ó kọ́kọ́ wù ú, ṣùgbọ́n ó yà sí ìmọ̀ ilẹ̀ nítorí ó gbà pé ibẹ̀ ni òun ti lè wúlò fún orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní 1980, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú físíìsì, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà ní Áfíríkà.

Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí a fẹ́ tọ́ka sí ni ti ooru inú ayé. Ní 1979, òun àti Verheijen gbé ìròyìn jáde lórí bí wọ́n ti wọn ooru tí ń ti inú àpáta Ririwai jáde, ní ilẹ̀ Kano, níbi tí a ti ń wa kùsà tíìnì.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyè méjì pé ooru wà nínú ilẹ̀, kí ó wo púpurú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. Ara rẹ̀ a tutù, ọmọdé a sì rò pé ó ti tó jẹ. Ìgbà tí ó bá fọwọ́ bù ú ni yóò mọ̀ pé inú rẹ̀ ṣì ń jóni. Bẹ́ẹ̀ ni ayé rí. Ní ibi púpọ̀, bí a bá gbẹ́ ihò lọ sísàlẹ̀ ní kìlómítà kan, ooru a fi nǹkan bí ìwọ̀n 25 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius lé sí i. Apá kan ooru náà ṣẹ́kù láti ìgbà ìṣẹ̀dá ayé. Apá kejì ń ti ara uranium, thorium àti potassium inú òkúta wá, bí wọ́n ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí yóò wọ̀n ọ́n ní láti sọ òṣùwọ̀n ooru sínú ihò jíjìn, kí ó kà á ní ìpele-ìpele, kí ó sì mọ bí òkúta ibẹ̀ ti ń jẹ́ kí ooru kọjá. Iṣẹ́ sùúrù ni.

Ẹnìkan lè wí pé, "Èwo ni tiwa níbẹ̀?" Ìdáhùn wa nìyí. Ooru ni ó ń se epo rọ̀bì nínú ilẹ̀: bí kò bá tó, epo kò ní jinná; bí ó bá pọ̀ jù, ó di gáàsì. Ní Kenya, láti 1981 ni wọ́n ti ń fi ooru abẹ́ ilẹ̀ Olkaria tan iná mànàmáná. A kò wí pé Òde-Ayé yóò dàbí Olkaria. Àpáta tiwa ti gbó, kò sì sí òkè oníná láàárín wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ń sun ní Ìkògòsì ní Èkìtì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọn nǹkan nìkan ni ó lè sọ bí ó ti pọ̀ tó. Ẹni tí kò wọ̀n ọ́n, àlá ni ó ń lá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹnu ọ̀nà wa. Ṣáájú ogun 1914 ni ilé-iṣẹ́ òyìnbó ti ń gbẹ́ ilẹ̀ ní àyíká Agbabu, tí wọ́n ń wá epo àti ọ̀dà. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ wá yẹ ọ̀dà náà wò. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n mélòó nínú irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ó ń ti ilé tiwa jáde?

Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ mọ̀ pé àwọn ọmọbìnrin tí orí wọn pé nínú ìṣirò ń kọjá lọ́wọ́ wa lọ́dọọdún. Ilé ni a ti ń sọ fún wọn pé físíìsì kì í ṣe ti obìnrin. Ìtàn Ajakaiye ti fọ́ irọ́ náà yángá. Nítorí náà, a bẹ̀ yín kí ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ya owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kan sọ́tọ̀ fún ọmọ tí yóò kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Kí a sì ra ohun èlò físíìsì sí ilé-ẹ̀kọ́ wa kí a tó ra àga àpèjẹ mìíràn. Yunifásítì sáyẹ́nsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ ti wà ní Òkìtìpupa nítòsí wa. Kò sí àwáwí ọ̀nà jíjìn mọ́.

Ilẹ̀ tí a kò bá lè kà fúnra wa, àlejò ni yóò kà á fún wa. Òun náà ni yóò sì dá iye lé e.