Ta Ni Yóò Ṣọ́ Ìkòkò?

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò ni a fẹ́ bá yín sọ lórí ojú-ewé ìdílé lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé ìsinmi àwọn ọmọ kò jìnnà mọ́, àwọn ìdílé kan sì ti ń bi wá léèrè bí a ti ń fi ọkọ̀ kan ṣoṣo rìn, tí a ń sùn sínú rẹ̀, tí a sì ń se oúnjẹ lẹ́bàá rẹ̀.

Àwọn Faransé ní ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní camping-car. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, ààrò gáàsì wà níbẹ̀, omi náà wà. Bàbá, ìyá àti ọmọ a wọ inú rẹ̀, wọn a máa ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọn a ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, gbogbo wọn a sì fẹsẹ̀ gun òkè lọ. Àwa kò ní irú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì tí a fi owó yá ni tiwa. Ẹní, ìkòkò méjì, ààrò gáàsì kékeré kan àti bídọ̀ omi mẹ́rin ni a kó sí i, ó sì tó wa. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ẹsẹ̀ òkè, àwọn baba àti àwọn ọmọ ni ó ń gùn ún. Àwọn ìyá ń dúró ti ìkòkò.

Ẹni tí ó bá mọ Ìdáàṣà àti Ṣábẹ mọ ìdí rẹ̀. Ilẹ̀ iṣu ni ibẹ̀. Baba kò lè dé ibẹ̀ kí ó má fẹ́ jẹ iyán lọ́sàn-án, iyán kì í sì í gún ara rẹ̀. Láti 1954 ni àwọn onígbàgbọ́ ti ń lọ bu ọlá fún Ìyá wa Màríà ní ihò àpáta Àrígbó ní Ìdáàṣà. A mọ ìyá kan nínú ìjọ wa tí ó ti lọ nígbà méjìlá. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń pọn omi, ó mọ iye tí wọ́n ń ta igi ìdáná, ṣùgbọ́n kò tíì rí ìlú náà láti orí òkè kankan rí.

Nítorí náà, ní ìrìn-àjò wa tó kọjá, a ṣe òfin kan: a kò ní dáná ní Ṣábẹ títí gbogbo wa yóò fi gun òkè, tí a óò sì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kọ, àkàrà àti ẹja yíyan tí a ti rà sílẹ̀ ni a óò jẹ. Àwọn baba kan kùn. Ọ̀kan bi wá pé, “Katikísì, ta ni yóò wá ṣọ́ ìkòkò?” A ní ìkòkò òfìfo kì í wu olè.

Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ni a gbéra, kí oòrùn tó mú àpáta gbóná. A kọ́kọ́ kí àwọn àgbà àdúgbò, a sì gbàṣẹ, nítorí pé wọ́n ka àwọn òkè kan sí ibi ọ̀wọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan bi wá bóyá Kristẹni lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kí onílé kí ó tó wọlé kò tíì bọ òrìṣà.

A fi àwọn àpáta gíga tí wọ́n rí bí ọmú sílẹ̀ fún àwọn tí ó ní okùn. A gun èyí tí ó rẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Sálúbàtà rọ́bà ń yọ̀, a ní kí wọ́n bọ́ ọ. Ìyá tí a wí yẹn jókòó sinmi nígbà mẹ́rin, gbogbo wa sì ń dúró dè é. Àwọn ọmọ ń ráhùn.

Lókè, a rí òrùlé páànù Ṣábẹ nísàlẹ̀, a rí ojú irin tí ó ti Kùtọnu lọ sí Parakou bí okùn tí a nà sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan béèrè ìdí tí àwọn ènìyàn fi wá kọ́lé sí ẹsẹ̀ àpáta. Ìyá yìí ni ó dá a lóhùn. Ọmọ Ṣábẹ ni, Kétu ni ó lọ́kọ sí. Láti ìgbà tí ó ti relé ọkọ, kò tún gun òkè mọ́. Ó ní ìyá-ìyá òun gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá tirẹ̀ pé bí ogun Dàhómì bá ń bọ̀, orí àpáta ni wọ́n ń sá sí. Àwọn ọkùnrin a mú ọfà, àwọn obìnrin a ru omi, nítorí pé bí kò bá sí omi lókè, òùngbẹ ni yóò ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Ó fi kòtò kan hàn wá lójú àpáta, tí omi òjò ń dúró sí, ó ní irú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu omi mu.

Ọmọ náà ní, “Ìyá, àwa ará Kétu ńkọ́?” Kétu kò ní òkè. Odi àti yàrà ni ó ní, pẹ̀lú ẹnu-bodè Akaba Idena. Ní 1886 àwọn ọmọ-ogun Dàhómì kó ìlú náà, wọ́n sì sun ún. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ka ọdún yẹn fún àwọn ọmọ yìí. Orí àpáta náà ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

A ka ẹ̀wá kan nínú rosárì, a sì sọ̀ kalẹ̀. Fún àwọn ìdílé tí ń múra: ìgò omi méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ẹ má gùn ún, àpáta tútù ń gbé ènìyàn ṣubú. Bí ẹnì kan bá sì gbọ́dọ̀ dúró ti ọkọ̀, ẹ ṣẹ́ gègé, kí ẹ fi orúkọ àwọn baba sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ní Ìdáàṣà, baba mẹ́ta gbé odó jáde lẹ́bàá bọ́ọ̀sì, wọ́n sì gún iyán fúnra wọn. Ó ní kókó díẹ̀. A jẹ ẹ́ tán.